Túráńsífọ́mà Aláyìípo Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò àti Ohun Tí A Lè Fi Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lórí rédíò ni a tún kọ síbí, kí ẹ lè kà á jẹ́jẹ́, kí ẹ sì padà sí i nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí irin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí, ṣùgbọ́n tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó rí roboto bí ìkòkò kékeré. Ó wúwo ju bí ó ti tóbi lọ. Ó ní ọwọ́ kan lókè tí a ń yí, nọ́ńbà sì yí ọwọ́ náà ká: 0, 50, 100, 150, 200, 250. Nígbà mìíràn, ará ilé tí ó ti Kútọnu dé ni ó gbé e wá. Nígbà mìíràn, a rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irin àlòkù.

Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá dé ilé, ẹnì kan á ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra bàbà. Ẹlòmíràn á ní kí a kàn kì í bọ iná, kí a wò ó bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn kìíní lè mú kí a pàdánù ohun tí ó wúlò. Ìmọ̀ràn kejì lè mú kí a pàdánù ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun náà kí a tó fọwọ́ kàn án.

KÍ NI TÚRÁŃSÍFỌ́MÀ?

Túráńsífọ́mà ni ohun tí ń sọ fóltì iná di púpọ̀ tàbí di díẹ̀. Fóltì ni agbára tí iná fi ń ti ara rẹ̀ la wáyà kọjá, bí omi ṣe ń ti ara rẹ̀ bọ̀ láti orí òkè. Omi tí ó ti ibi gíga bọ̀ a máa fi agbára ṣàn. Èyí tí ó ti ibi pẹlẹbẹ bọ̀ a máa rọra ṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóltì rí. Iná ilé wa jẹ́ fóltì 220.

Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wé wáyà bàbà méjì mọ́ òrùka irin kan. Ó rí i pé bí iná inú wáyà kìíní bá ń yí padà, iná a hàn nínú wáyà kejì, bẹ́ẹ̀ ni wáyà méjèèjì kò fara kan ara wọn. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday. Kò pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń di ìwé ni ó ti kọ́ṣẹ́, àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá fún dídì ni ó sì ń kà títí ó fi di ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Iná tí ń dé ọ̀dọ̀ wa kò ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ní fóltì 220. Ní ọdún 1968, ilẹ̀ wa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, bá Tógò ṣe àdéhùn láti dá ilé iṣẹ́ iná kan sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ni CEB. Ní ọdún 1972, iná bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti ìsédò Akosombo ní Gánà. Ní ọdún 1987, ìsédò Nangbéto tí ó wà lórí odò Mónò ní Tógò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fóltì 161,000 ni wọ́n fi ń gbé iná náà gba orí àwọn òpó ńlá, nítorí pé bí fóltì bá ga, iná tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà a dín kù. Túráńsífọ́mà ni ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìpele ìpele, títí yóò fi di 220 tí ilé lè lò.

KÍ NI Ó MÚ ALÁYÌÍPO YÀTỌ̀?

Túráńsífọ́mà orí òpó kì í yí padà. Iye tí wọ́n ṣe é fún ni ó ń mú jáde. Ṣùgbọ́n aláyìípo ń fún wa ní iye tí a bá fẹ́. Ilé iṣẹ́ General Radio ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí, láàárín ọdún 1930 sí 1940. Variac ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Títí di òní, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ṣì ń fi orúkọ náà pe gbogbo irú rẹ̀, ẹni yòówù tí ó ṣe é.

Bí a bá ṣí i, ohun mẹ́ta ni a óò rí.

Èkíní ni òrùka irin ńlá.

Èkejì ni wáyà bàbà tí a wé mọ́ òrùka náà, ìyí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láìsí àlàfo. Wọ́n ti ha ojú kan wáyà náà kí bàbà lè hàn.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀dú kékeré tí ó wà ní orí ọwọ́ tí a ń yí. Ẹ̀dú yìí ni ó ń rìn lórí bàbà tí ó hàn yẹn.

Ẹ fi wáyà náà wé àkàbà. Ká sọ pé ìyí 440 ni ó wà lára rẹ̀. Ká sọ pé a fi fóltì 220 sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè. A pín 220 sí ọ̀nà 440, ìyí kọ̀ọ̀kan sì gba ìdajì fóltì. Bí ẹ̀dú bá dúró ní ìyí 100, fóltì 50 ni yóò jáde. Bí ó bá dúró ní ìyí 220, fóltì 110 ni yóò jáde. Gbogbo àṣírí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Iná tí ń yí padà nìkan ni túráńsífọ́mà ń lò, bí iná orí òpó. Iná tí ó ti inú bátìrì wá, tàbí èyí tí ó wá tààrà láti ara páálí tí ń gba oòrùn, kì í yí padà. Bí a bá so irú iná bẹ́ẹ̀ mọ́ túráńsífọ́mà, kì yóò ṣiṣẹ́. Wáyà rẹ̀ yóò gbóná títí yóò fi jóná.

Ẹ KÀ Á KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Níhìn-ín ni ìwé kíkà ti lè gba ilé là. Irin pẹlẹbẹ kan sábà máa ń wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹ nù ún, kí ẹ kà á.

V dúró fún fóltì.

A dúró fún áńpù. Áńpù ni iye iná tí ń ṣàn nínú wáyà.

Àmì ~ túmọ̀ sí iná tí ń yí padà.

ENTRÉE tàbí INPUT ni ibi tí iná ń gbà wọlé.

SORTIE tàbí OUTPUT ni ibi tí iná ń gbà jáde.

Bí wọ́n bá kọ 220 V tàbí 230 V sí ibi tí iná ń gbà wọlé, ó bá iná wa mu. Bí wọ́n bá kọ 110 V tàbí 120 V síbẹ̀, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má ṣe kì í bọ iná wa. Yóò jóná kíákíá.

Bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ kankan kà lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná. Ẹ má ṣe dán an wò nílé.

ÌDÁNWÒ LÁÌSÍ INÁ

Gbogbo ohun tí ó wà ní abala yìí, a óò ṣe é nígbà tí irin náà kò bá wà lára iná rárá.

1. Ẹ wò ó, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bàbà tí ó dára a máa pọ́n tàbí kí ó pupa rúsúrúsú. Bí ó bá dúdú ní ojú kan, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, wáyà ti jó níbẹ̀.

2. Ẹ tú ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Agbọ́n a máa fi ẹrẹ̀ kọ́lé síbẹ̀, aláǹgbá a máa kú síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́. Bí òjò bá ti pa á, ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan.

3. Ẹ rọra yí ọwọ́ rẹ̀ láti òdo dé òpin. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ fò. Ẹ̀dú gbọ́dọ̀ fara kan bàbà ní gbogbo ọ̀nà.

4. Ẹ wo ẹ̀dú náà. Bí ó bá ti jẹ tán, irin tí ó dì í mú ni yóò máa ha bàbà. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan a máa fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè fi ẹ̀dú inú rẹ̀ dípò. Èyí kò dára. Ẹ̀dú aláyìípo ní irú tirẹ̀. Ó ń fara kan ìyí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ṣe é kí iná má baà sáré gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ìyí méjèèjì. Bí ẹ̀dú bá jẹ́ irú tí iná ń sáré gbà kọjá, ibẹ̀ yóò gbóná, wáyà yóò sì jó.

5. Oníṣẹ́ iná yóò fi mítà rẹ̀ wò ó. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà fún iná láti ara wáyà dé ara irin ìta. Bí ọ̀nà bá wà, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan irin ìta ni iná yóò gbá.

ÌDÁNWÒ PẸ̀LÚ INÁ

Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè.

Kò ní í kì í bọ iná tààrà. Yóò mú gílóòbù àtijọ́ kan tí ó ní òwú inú, wáàtì 60 tàbí 100. Yóò jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù náà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ túráńsífọ́mà. Kò ní í so ohunkóhun mọ́ ibi tí iná ń gbà jáde. Gílóòbù ìgbàlódé tí kì í gbóná, tí a ń pè ní LED, kò dára fún iṣẹ́ yìí.

Bí gílóòbù bá tàn fìrí nígbà tí a tan iná, tí ó sì kú tàbí tí ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, wáyà dára. Bí ó bá tàn rokoṣo tí kò sì dẹwọ́, wáyà ti bàjẹ́ nínú. Gílóòbù ti gba ìyà náà jẹ, kò jẹ́ kí ó dé ara ilé.

Lẹ́yìn èyí, yóò yọ gílóòbù kúrò, yóò fi fíúsì sí i, yóò sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan láìlò ó. Lẹ́yìn wákàtí náà, yóò yọ ọ́ kúrò lára iná kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, ó dára. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, kò dára. Kí ó kùn díẹ̀ bí oyin kì í ṣe àrùn.

Ní ìkẹyìn, yóò so gílóòbù mọ́ ibi tí iná ń gbà jáde, yóò sì máa yí ọwọ́ láti òdo lọ sókè. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Gílóòbù gbọ́dọ̀ máa mọ́lẹ̀ sí i láìṣẹ́jú. Bí iná bá ń ta pàràpàrà lábẹ́ ẹ̀dú, ojú bàbà kò mọ́, tàbí kí ẹ̀dú ti jẹ tán.

ÒDO KÌ Í ṢE ÒDO

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, ẹ má gbàgbé èyí.

Nínú túráńsífọ́mà tí Faraday ṣe, wáyà méjì ni ó wà, wọn kò sì fara kan ara wọn. Nínú aláyìípo, wáyà kan ṣoṣo ni. Wáyà tí ń mú iná wọlé náà ni ó ń mú un jáde. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ yí ọwọ́ dé 12, tàbí dé 0, ìkan nínú wáyà méjì tí ó jáde lè ní fóltì 220 sí ilẹ̀ tí a dúró lé. Orí tí a ń kì bọ ògiri lè yí padà, kí ọ̀tún di òsì. Wáyà oníná a bọ́ sí ipò wáyà ìpadà, a kò sì ní í mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé fóltì 12 kò lè pa ènìyàn, wọn á sì fi ọwọ́ lásán mú wáyà náà. Ọ̀nà ikú nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí iná bá gbá ẹnì kan mú, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná náà. Bí kò bá ṣeé pa, kí ẹ dúró lórí igi gbígbẹ, kí ẹ fi ọ̀pá gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

OHUN TÍ A LÈ FI ṢE

Èkíní: ooru fún òròmọdìẹ. Òròmọdìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń fẹ́ ooru bíi 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n ooru ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, a óò máa dín in kù ní bíi 3 lọ́ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lo gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná, aláyìípo lè dín ooru rẹ̀ kù bí a ṣe fẹ́. Àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn yóò sọ fún wa. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ gílóòbù, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí i, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ so gílóòbù náà kọ́ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin, kí ó má baà já lu koríko gbígbẹ.

Èkejì: iná tí ó rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń lo iná, fóltì lè já wálẹ̀ sí 180. Aláyìípo lè gbé e padà sí 220. Nínú àwọn àpótí kan tí a ń rà láti tọ́jú fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, aláyìípo kékeré ni ó wà níbẹ̀, mọ́tò kékeré ni ó sì ń yí ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa kò ní mọ́tò. Bí iná bá padà sí 220 ní ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí a ti sùn, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀:

220 pín sí 180 jẹ́ 1.22.
1.22 lọ́nà 220 jẹ́ bíi 268.

Fóltì 268 ni yóò wọ inú fíríìjì wa. Yóò bà á jẹ́. Nítorí náà, bí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó tì í, ẹ má ṣe lò ó fún èyí. Àpótí tí ń yí ara rẹ̀ ni ó yẹ.

Ẹ̀kẹta: èyí tí ẹ̀dú rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí wáyà rẹ̀ bá yege nínú ìdánwò gílóòbù, ṣùgbọ́n tí a kò rí ẹ̀dú rà, ẹ má jù ú nù. Oníṣẹ́ iná lè yọ ọwọ́ àti ẹ̀dú kúrò, kí ó bo bàbà tí ó hàn dáadáa, kí ó sì wé wáyà mìíràn tí ó ní awọ nípọn mọ́ òrùka náà. Nígbà yìí, wáyà ti di méjì bí ti Faraday. Iná tí yóò jáde ti yà kúrò lára iná ògiri.

Ìyí mélòó ni kí ó wé? Ìṣirò wa wúlò níbí. Kí ó kọ́kọ́ wé ìyí 10, kí ó sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé fóltì 5 ni ó rí. Ìyí 2 ni ó ń mú fóltì 1 wá. Bí a bá fẹ́ fóltì 12 fún gílóòbù kékeré, ìyí 24 ni yóò wé. Kí ó fi fíúsì sí ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń gbà jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé wáyà rẹ̀ ti jó pátápátá, nígbà náà ni kí ẹ ta bàbà rẹ̀. Ẹ má ṣe dáná sun ún láti bó o. Èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ọmọdé àti àgbà.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A FI ṢE

Ẹ má ṣe so gílóòbù LED mọ́ ọn láti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sínú fóònù kò nílò rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba fóltì 100 dé 240 fúnra wọn. Ẹ lè ka nọ́ńbà náà lára wọn. Ẹ má ṣe fún fíríìjì tàbí mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta ní fóltì kékeré. Yóò tiraka, yóò gbóná, yóò sì jó.

Ẹ má ṣe gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lé e. Bí wọ́n bá kọ 5 A sí i, áńpù 5 ni òpin rẹ̀, ibikíbi tí ọwọ́ bá dúró sí. Ní fóltì 220, ó lè gbé wáàtì 1,100. Ní fóltì 110, wáàtì 550 péré ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí ń tàn jẹ. Wọ́n rò pé bí fóltì bá ti kéré, wọ́n lè so ohun tí ó wù wọ́n mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

Ẹ ka ìbéèrè wọ̀nyí sókè, kí ẹ sì jọ dáhùn wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó kọ ìdáhùn sínú ìwé rẹ̀.

1. Wọ́n kọ ENTRÉE 120 V sí ara aláyìípo kan. Ǹjẹ́ a lè kì í bọ iná wa?

2. Ìyí 10 mú fóltì 4 wá. Ìyí mélòó ni yóò mú fóltì 12 wá?

3. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà bí ọwọ́ aláyìípo tilẹ̀ wà ní òdo?

4. Wọ́n kọ 3 A sí ara aláyìípo kan. Wáàtì mélòó ni ó lè gbé ní fóltì 100?

Ìdáhùn: 1. Rárá, yóò jóná. 2. Ìyí 30. 3. Wáyà kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, iná ògiri lè wà lára èyí tí ó jáde. 4. Wáàtì 300.

Ẹ fi ìwé yìí han oníṣẹ́ iná àdúgbò yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ tí ń ṣeré nítòsí wáyà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọjọ́ mìíràn. Ire o.